Dopamine: ohun tí mo rí lára bàbá mi

Ẹ̀gbọ́n kan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá "kẹ́míkà ìgbádùn" ni dopamine, ìyẹn kẹ́míkà kan tí ọpọlọ wa ń ṣe. Rárá o. Ọ̀rọ̀ yìí wọ ilé wa l'Ẹ́pẹ́, mo sì fẹ́ kó yé yín dáadáa.

Apẹja ni bàbá mi. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá wọn nílé. Ìgbà tó yá, ọwọ́ ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí wọ́n bá gbé e lé itan, ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ nílẹ̀, ojú wọn le bí ẹni tínú ń bí. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ ọ̀sà kúrò lẹ́nu wọn. Wọn á jókòó ti àwọ̀n tó ya, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. A ní ọ̀lẹ ni. Àwọn kan ní ayé ni. Ọdún méjì gbáko kí dókítà tó sọ fún wa pé àrùn Parkinson ni: àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe dopamine nínú ọpọlọ wọn ti ń kú, púpọ̀ sì ti lọ kí ọwọ́ tó gbọ̀n.

Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn gbádùn nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kó wù ú débi tí yóò fi dìde lọ wá a. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú Bàbá, wọ́n ń gbádùn rẹ̀. Dídìde gan-an ni kò sí mọ́. Dopamine ló ń bá ara àti ọkàn gbéra. Lọ́dún 1957, Arvid Carlsson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, fún àwọn ehoro ní oògùn tó sọ wọ́n di aláìlèmira. Nígbà tó fún wọn ní levodopa, ìyẹn ohun tí ara máa ń sọ di dopamine, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2000.

Dopamine fúnra rẹ̀ kò lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Levodopa ló lè wọ̀ ọ́, ibẹ̀ ló ti ń di dopamine. Òun ni wọ́n kọ fún Bàbá, pẹ̀lú carbidopa tí kì í jẹ́ kó tán lọ́nà. Mo wá ń fún wọn lẹ́yìn ẹ̀wà àti ẹja, oògùn ò sì ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Èmi ni mo jẹ̀bi: purotéènì inú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ máa ń bá levodopa du ọ̀nà. Ní báyìí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó jẹun ni. (Òótọ́ ni pé levodopa wà nínú èso wèrèpè, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tọ́jú ẹnikẹ́ni nílé. Kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀.)

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, mo ń gbálẹ̀ láàárọ̀, Bàbá pè mí: "Níbo lẹ kó àwọ̀n mi sí?"