Ẹ jẹ́ kí áńbúláǹsì wá láti ibi tó máa ń wà

Okun o, àbúrò. O ní ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń bá Red Cross ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní Kabba fẹ́ ṣe ìdánrawò bí táńkà epo bá dànù lójú ọ̀nà Obajana, pé owó ò pọ̀, ẹ ò sì fẹ́ kó dà bí eré ìtàgé. Mo ti ń bá wọn ṣètò irú ẹ̀ láti ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mi ò sì tíì jáwọ́ lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì. Èyí tójú mi rí ni mo máa sọ.

Àkókò ni ìdánrawò fi ń tan èèyàn jẹ jù. Mo ti wà níbi tí mọ́tò panápaná ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti àárọ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń dún, áńbúláǹsì wà lẹ́yìn ẹ̀, àwọn ọ̀gá jókòó sábẹ́ kánópì. Wọ́n fọn fèrè, wọ́n pa iná, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Kí la wá kọ́ níbẹ̀? Pé mọ́tò tó ti wà níbi ìjàǹbá kì í pẹ́ kó tó débẹ̀! Ẹ jẹ́ kí kálukú wà níbi tó máa ń wà lọ́jọ́ lásán, nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù, dírẹ́bà níbi tó ti ń jẹun, kí ìpè bá wọn níbẹ̀. Bí mọ́tò bá ní láti kọ́kọ́ lọ ra epo, tàbí tó jẹ́ pé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ti lọ sí Lọ́kọ́ja, ohun tẹ́ ẹ wá wò gan-an nìyẹn. Ẹ má fi tijú, ẹ má sì bá wọn bò ó. Kí ẹnì kan tí kò níṣẹ́ mìíràn mú bírò àti jọ́tà dání, kó kọ aago tí ìpè wọlé, aago tí mọ́tò gbéra, aago tó dé, aago tí aláìsàn àkọ́kọ́ wọ ọsibítù.

Ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣe ibi ìjàǹbá náà ni kẹ́ ẹ ti pe ìpè ọ̀hún. Tí fóònù ò bá gbé níbẹ̀, ẹ máa mọ̀ lọ́jọ́ náà ẹni tó máa gun ọ̀kadà lọ síbi tó ti máa gbé. Nọ́ńbà àwọn Road Safety ni 122, ti pàjáwìrì gbogbo orílẹ̀-èdè sì ni 112. Ṣùgbọ́n ẹ má pè wọ́n lójijì o! Ẹ ti kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí wọn, kí wọ́n mọ ọjọ́ àti wákàtí, kí ẹni tó bá pè sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ìdánrawò ni”.

Kẹ́ ẹ tó jáde rárá, ẹ jókòó yí tábìlì ká. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú ọ̀nà náà, ẹ fi ìdérí mínírà ṣe mọ́tò, ẹ wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: ta ló ń pàṣẹ? Ọlọ́pàá, Road Safety, panápaná, sífú dìfẹ́ǹsì, gbogbo wọn ló máa wá, gbogbo wọn ló ní ọ̀gá. Bí ẹ ò bá yanjú ìyẹn lórí tábìlì, ojú títì ni wọ́n ti máa jà á.

Nípa epo fúnra rẹ̀: omi ni kẹ́ ẹ dà sílẹ̀, ẹ má mú pẹtiróòlù gidi wá. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣe bíi pé pẹtiróòlù ni. Gáàsì tó ń ru látinú ẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rìn sí, gọ́tà àti kòtò ló ń wọ̀. Nítorí náà apá òkè àti ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá ni ẹni tó ń gbani là máa ń gbà wọlé. Tó bá ń jò, ó kéré tán kí èèyàn jìnnà sí i ní àádọ́ta mítà lápá gbogbo. Tí táńkà bá ti gbiná, 800 mítà ni. Ẹ fẹsẹ̀ wọn 800 mítà náà ní ìṣojú wọn. Ojú wọn máa là nígbà tí wọ́n bá rí ilé àti ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú ẹ̀. Ẹ sì yan àwọn ọmọkùnrin kan tó máa gbé kẹ́ẹ̀gì wá láti wá bu epo, kí wọ́n takú. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n máa wá.

Ẹ má ṣe fi èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ṣe ẹni tó fara pa. Felele ní Lọ́kọ́ja, oṣù kẹsàn-án 2020, táńkà tí bíréèkì rẹ̀ já: àwọn tó kú lé ní ogún, akẹ́kọ̀ọ́ Pólì wà nínú wọn. Àwọn tó fara pa gbọ́dọ̀ pọ̀ ju áńbúláǹsì yín lọ, kó di dandan kí wọ́n yan ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ. Àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín wọn: pupa ló ń kọ́kọ́ lọ, yẹ́lò tẹ̀ lé e, àwọ̀ ewé lè dúró, dúdú ni ẹni tó ti kú. Ẹni tó bá lè rìn, àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò mí kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀, dúdú. Ẹni tó ń mí ju ọgbọ̀n lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí tẹ́ ẹ tẹ èékánná ẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, tàbí tẹ́ ẹ ní kó di ọwọ́ yín mú tí kò lè ṣe é, pupa. Ìyókù, yẹ́lò. Ẹ kọ ìmí àti ìlù ọkàn ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí páálí, kó gbé e kọ́rùn. Sẹ́yìn páálí, ẹ kọ ohun tó máa yí padà bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá láìsí ẹni tó dá a lóhùn.

Ẹ̀jẹ̀ ò ní ná yín lówó. Ẹ se zobo kó ki, ẹ pò ó mọ́ sítáàṣì díẹ̀ lórí iná títí á fi máa fà. Èédú lílọ̀ tẹ́ ẹ fi òrí pò máa ń jọ awọ tó jóná débi tí ọmọ nọ́ọ̀sì kan fi yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kí wọ́n wọ aṣọ tó ti gbó, zobo kì í ṣí bọ̀rọ̀.

Ẹ má kó àwọn ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan wá dùbúlẹ̀. Ẹ wá àgbàlagbà tó sanra, ẹ ó rí bí ẹ̀yìn àwọn tó ń gbé e á ṣe máa ro wọ́n. Kí dírẹ́bà táńkà máa sọ Haúsá nìkan, nítorí ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ mọ ẹni tó máa ṣe ògbufọ̀. Kí ìyá kan máa pariwo wá ọmọ ẹ̀ kiri, kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ráyè.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní gba gbẹ̀rẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ fẹnu kò sórí gbólóhùn kan tó túmọ̀ sí pé eré ti tán. Tiwa ni “kì í ṣe eré mọ́”. Níbì kan, oòrùn gbé ọmọbìnrin kan ṣubú, gbogbo èèyàn rò pé ó mọ eré ṣe. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló mọ̀ pé kì í dákẹ́ báyẹn. Tí ẹnikẹ́ni bá ti ké gbólóhùn yẹn, kékeré tàbí àgbà, kí gbogbo nǹkan dúró. Kí áńbúláǹsì kan má sì bá yín ṣeré rárá, kó wà fún aláìsàn gidi.

Ẹ ránṣẹ́ sí ààfin Ọbáró ṣáájú, kí wọ́n kéde ní mọ́sálááṣí lọ́jọ́ Jímọ̀ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ sì bá àwọn ọlọ́kadà sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìròyìn pé táńkà gbiná á ti dé Abuja kẹ́ ẹ tó parí.

Kẹ́ ẹ tó pín ìrẹsì ni kẹ́ ẹ jókòó sọ ohun tẹ́ ẹ rí. Tí wọ́n bá ti jẹun tán, ẹ ò ní rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀gá ni kó kẹ́yìn, nítorí tí ọ̀gá bá ti ní ó dáa, ta ló máa ní kò dáa? Ẹ kọ ohun tó bàjẹ́, orúkọ ẹni tó máa tún un ṣe, àti ọjọ́ tó máa fi tán. Ẹ tún ìdánrawò náà ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ibì kan náà, ìjàǹbá kan náà, kẹ́ ẹ fi aago ti ìkejì wé ti àkọ́kọ́.

Ẹ má fi àkọ́kọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ìkejì ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, tí àwọn èèyàn bá ti mọ̀ yín.