Kí ni ìtumọ̀ orúkọ Bogdan, ibo ló sì ti wá?

Orúkọ ọkùnrin ni Bogdan láàárín àwọn ẹ̀yà Slav ní Yúróòpù. Ó túmọ̀ sí ẹni tí Ọlọ́run fi ta òbí lọ́rẹ: Bog ni Ọlọ́run, dan sì ni ohun tí a fún ni. Theodotos ti àwọn Gíríìkì ní ìtumọ̀ kan náà.

Lẹ́tà kẹta ló máa ń da àwọn ènìyàn láàmú. Ní Poland, Serbia, Bulgaria àti Rọ́ṣíà, Bogdan ni. Ní Ukraine àti Czech, Bohdan ni, torí pé g àtijọ́ ti di h lẹ́nu wọn. Ní álífábẹ́ẹ̀tì Cyrillic tiwọn, Богдан ni ará Ukraine àti ará Rọ́ṣíà jọ ń kọ, ṣùgbọ́n Bohdan ló máa ń wà nínú ìwé ìrìnnà Ukraine. Bí ẹ bá ń bá ẹnì kan kọ fọ́ọ̀mù, bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ gan-an ni kí ẹ kọ ọ́.

Èdè Romania kì í ṣe ti Slav, síbẹ̀ orúkọ yìí gbilẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Bogdan Kìíní ló gba òmìnira fún Moldavia, ilẹ̀ àtijọ́ kan tí apá kan rẹ̀ wà ní Romania báyìí, ní nǹkan bí ọdún 1360. Ní Ukraine, Bohdan Khmelnytsky, tó kó àwọn Cossack, ìyẹn àwọn jagunjagun ilẹ̀ náà, dìtẹ̀ sí Poland ní 1648, ló lókìkí jù. Zinoviy ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Wọ́n ṣì ń sọ ọmọ tuntun ní Bohdan níbẹ̀. Ní Poland ẹ̀wẹ̀, àwọn àgbàlagbà ló ń jẹ́ ẹ jù.

Bogdana ni ti obìnrin. Bogdanović, orúkọ ìdílé, túmọ̀ sí ọmọ Bogdan.