Táyà wo ni kí n rà sí Hilux tí mo ti gbé sókè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, kòkó ni mò ń rà, apá Ìdànrè ni mo sì máa ń wọ̀ jù. Mo ti ní kí mẹkáníìkì gbé Hilux mi sókè ní ìńṣì méjì, sípíríǹgì àti ṣọ́kì tuntun ló fi gbé e. Táyà oníwọ̀n 265/65R17 ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ báyìí, ẹni tó ń ta táyà ní kí n ra 285/70R17, ó ní kò lè kan nǹkankan mọ́ torí mo ti gbé e sókè. Owó ẹ̀ ò kéré o, ẹ bá mi dá sí i. — Oníkòkó, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó náwó, torí èmi ò béèrè nígbà tèmi. 285 yẹn gan-an ni mo rà, nílé ẹni tó tà á fún mi ó ń yí geere, àfi ọjọ́ tí mo di ẹrù kún ẹ̀yìn tí mo ń ya kọ́nà, táyà iwájú wọ kòtò, mo kàn gbọ́ gbàà, ó ti fa rọ́bà inú fẹ́ńdà ya. Mọ́tò tó dúró jẹ́ẹ́ kì í sọ òótọ́ nípa táyà. Ìgbà tó o bá yí sítíárìn dé òpin tí ṣọ́kì sì wọlé, ìgbà yẹn lo máa mọ̀.

Ohun tí wọn kì í sọ fún èèyàn ni pé sípíríǹgì tó o fi gbé e sókè, bọ́dì ló gbé. Ilé gíà ẹ̀yìn, èyí tó rí roboto láàárín táyà méjèèjì tó máa ń kọ́kọ́ gbá òkúta lọ́nà oko, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà. Táyà nìkan ló lè gbé ìyẹn, ìdajì ohun tó fi ga sí i ló sì máa gbé e. 265 tìẹ yẹn ga tó mílímítà 776, 285/70 ga tó 831, ó fi nǹkan bíi 55 jù ú lọ, nítorí náà nǹkan bíi 27 péré ni ilé gíà fi máa sókè, bí ìńṣì kan náà nìyẹn.

Torí ìńṣì kan yẹn, táyà máa wúwo, ẹ́ńjìnnì máa tiraka, epo máa lọ, bíréèkì á pẹ́ kó tó mú, ìwọ tó ò ń kó kòkó sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, èyí tó ń dùn mí jù nìyẹn. Tí míítà bá ní 100 lò ń sá, 107 lò ń sá lóòótọ́, kìlómítà náà á máa kà dín, 5,000 tó o fi ń pààrọ̀ ọ́ìlì á ti di 5,350.

Lójú tèmi, 265/70R17 ni kó o rà. Fífẹ̀ ẹ̀ ò yàtọ̀ sí tìẹ, nǹkan bíi mílímítà 27 ló fi ga jù ú, ìyẹn sì rọrùn fún fẹ́ńdà láti gbà. Ra èyí tí kòtò ojú ẹ̀ jìn dáadáa, nítorí ẹrẹ̀ oko, àmọ́ má ra èyí tó ṣe fún ẹrẹ̀ nìkan, torí ọ̀dà lo máa fi rìn padà sí Àkúrẹ́, ariwo ẹ̀ á sì pọ̀. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára DOT, ìyẹn àmì tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà, tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, má jẹ́ kí wọ́n fi tòkunbọ̀ tó ti gbẹ tàn ọ́.

Ní kí fọ́kánáísà kọ́kọ́ de ẹyọ kan sí iwájú, kó o di ẹrù, kó o yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kó o tó ra ìyókù. Márùn-ún ni kó o rà o, torí tí súpéà bá kéré sí àwọn tó kù, tó o wá fa gíà tó ń mú ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí pọ̀ lórí ọ̀dà, wàá fi gíà bà jẹ́, kó o sì rí i pé súpéà ńlá yẹn wọ àyè ẹ̀ lábẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò kó o tó sanwó.