Ṣé ó yẹ kí n lọ sí àpérò àwọn oníṣẹ́ ìkànnì, nígbà tí fídíò rẹ̀ yóò wà lórí YouTube?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ front-end (apá ìkànnì tí àwọn èèyàn ń fojú rí) ni mò ń ṣe nílé-iṣẹ́ wa. Àpérò ọlọ́jọ́ méjì kan ń bọ̀ lórí iṣẹ́ ìkànnì, mo sì bẹ ọ̀gá mi pé kí ilé-iṣẹ́ sanwó rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò kọ̀, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí n óò rí níbẹ̀ tí n kò ní rí nínú fídíò. Kí ni kí n sọ?

Ìdáhùn: Ọ̀gá yín kò jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ orí pèpéle nìkan ni ẹ fẹ́ lọ gbọ́, fídíò tó yín, ó tilẹ̀ sàn jù, nítorí pé ẹ lè dá a dúró kí ẹ dán kóòdù náà wò. Ohun tí fídíò kò lè ṣe ni pé kí ẹni tó mọ ọ̀ràn náà dunjú wo iṣẹ́ tiyín kí ó sì bi yín ní ìbéèrè lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí èèyàn gbé ìṣòro kan pàtó láti ibi iṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní káàdì ọjà kan (àpótí tó ń fi àwòrán àti àlàyé ọjà hàn) tó dára láàárín ojú-ewé, ṣùgbọ́n tí àwòrán àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fún mọ́ra nígbà tí ẹ bá gbé e sí òpó tóóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ má gbé odindi ìkànnì lọ. Ẹ yọ gbogbo ohun tí kò kan ọ̀ràn náà kúrò, títí yóò fi ku fáìlì HTML kan (kóòdù tó gbé ohun inú ojú-ewé) àti ìwọ̀nba ìlà CSS (kóòdù tó ń sọ bí ojú-ewé ṣe máa rí) tí àṣìṣe náà ṣì ń hàn nínú rẹ̀. (Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí ẹ ti ń yọ ọ́ náà ni ìdáhùn yóò ti yọjú.) Ẹni tí ẹ bá fi hàn nígbà ìsinmi yóò rí i kíá pé media query tí ẹ lò (òfin CSS tó ń yí ìrísí ojú-ewé padà) ń wo ìbú fèrèsé bíráwúsà, kì í ṣe ìbú òpó tí káàdì náà wà nínú rẹ̀, àti pé container query, tó ń wo ìbú òpó náà fúnra rẹ̀, ni ẹ nílò, èyí tí gbogbo bíráwúsà ńláńlá ti ń gbà láti oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí Firefox 110 jáde.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun tuntun tí inú gbogbo èèyàn ń dùn sí nínú gbọ̀ngàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Rachel Andrew, ògbóǹtarìgì nínú CSS, fi ń ṣàlàyé CSS Grid (ọ̀nà láti to ojú-ewé sí ìlà àti òpó) ní àpérò kí Chrome, Firefox àti Safari tó gbà á wọlé nínú oṣù Kẹta ọdún 2017. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun wọnú iṣẹ́, ẹ wo àmì Baseline rẹ̀ (tó ń sọ bí àwọn bíráwúsà ti gbà á tó) lórí MDN, ìkànnì àlàyé fún àwọn oníṣẹ́ ìkànnì: oṣù 30 lẹ́yìn tí gbogbo bíráwúsà tó ṣe kókó bá ti gbà á ni wọ́n ń kà á sí ohun tó ti káàkiri.

Bí owó bá wà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ aláfọwọ́ṣe tí wọ́n sábà máa ń fi kún àpérò, ẹ jẹ́ kí ó ṣáájú nínú ohun tí ẹ ó bèèrè, nítorí wọn kì í sábà gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ sì máa ń ráyè dé ọ̀dọ̀ yín. Bí ìjókòó méjì bá bọ́ sí àkókò kan náà, èyí tí wọn kò ní ya fídíò rẹ̀ ni kí ẹ yàn.

Nítorí náà, ẹ kọ ìṣòro náà sínú lẹ́tà tí ẹ ó fún ọ̀gá yín, ẹ dárúkọ ojú-ewé tó kàn, kí ẹ sì ṣèlérí pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ bá dé, ẹ ó fi ojú-ewé náà hàn wọ́n bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe wá rí.