Kòkòrò Inú Eegun Ẹ̀yìn: Ìbéèrè Ìyá Kan Láti Houston

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn. Ó ní Jaime Reyes ni Blue Beetle àkọ́kọ́, akọni inú ìwé aláwòrán Amẹ́ríkà nì, mo ní irọ́ ni. Ta ló jàre? (Ọmọ ọdún 12, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Ìwọ lo jàre, ọmọ mi. Ẹnì kẹta tó jẹ́ orúkọ yẹn ni Jaime. Ọdún 1939 ni Dan Garret ti kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí wọ́n tún ìtàn rẹ̀ kọ ní 1964, wọ́n sọ ọ́ di onímọ̀ tó ń wa ilẹ̀ wá nǹkan àtijọ́, tó sì rí kòkòrò aláwọ̀ búlúù kan tó ń fún un lágbára ní Íjíbítì. Ní 1966 ni ayàwòrán Steve Ditko gbé Ted Kord, ẹnì kejì, jáde. Ted kò ní agbára kankan, ọpọlọ rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ló fi ń jà. Wọ́n pa á nínú ìtàn ní 2005. Ọdún kejì ni Jaime dé.

Ìbéèrè: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 14, ìwé aláwòrán Blue Beetle yìí ló sì gbà á lọ́kàn. Mo ṣí ọ̀kan wò lálẹ́ Sátidé, ni mo bá rí ọmọ kan tí kòkòrò wọ̀ sí eegun ẹ̀yìn. Kòkòrò náà ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń ní kó pa èèyàn. Àyà mi já. Ṣé kí n kó wọn dànù ni? (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má kó wọn dànù. Mo ti ka ìwé 36 tó jáde láti 2006 sí 2009 tán pátá, mo sì mọ ohun tó já yín láyà. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ láti kékeré pé kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà, kò ní fara balẹ̀ bó bá rí kòkòrò lẹ́yìn ọmọ.

Jaime lorúkọ ọmọ náà, Háímẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Texas tiyín níbẹ̀ ni ilé wọn wà, ní El Paso, létí ààlà Mẹ́síkò. Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀, ó sì ní àbúrò obìnrin kan, Milagro. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ń ti iléèwé bọ̀ ló rí nǹkan búlúù kan tó dà bíi kòkòrò nínú ilẹ̀, ló bá mú un lọ sílé. Bó ṣe sùn lóru, nǹkan náà jí, ó rá wọ eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ewu bá ti dé, ìhámọ́ra búlúù á bò ó látorí dé ẹsẹ̀, ìyẹ́ á yọ lẹ́yìn rẹ̀, apá rẹ̀ á di ìbọn.

Ẹ̀mí òkùnkùn kọ́ o. Ohun ìjà ni. Àwọn kan láti ayé mìíràn, tí wọ́n ń jẹ́ Reach, ló ṣe é. Wọ́n á rán irú rẹ̀ ṣíwájú lọ sí ayé tí wọ́n bá fẹ́ gbà, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á di ẹrú wọn. Lẹ́yìn náà làwọn fúnra wọn á dé, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ẹ̀bùn, wọ́n á ní ọ̀rẹ́ làwọn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìpànìyàn ló máa ń kọ́kọ́ wá sí kòkòrò náà lẹ́nu. Jaime a máa sọ pé rárá. Ó ń sọ ọ́ lemọ́lemọ́, títí tí ìwé fi dé 25, tí kòkòrò náà, Khaji Da, fi kẹ̀yìn sí àwọn tó ṣe é, tó dúró ti ọmọ náà. Ọmọ ló tọ́ kòkòrò yẹn sọ́nà, mà. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò nìyẹn.

Ilé ló sì ti mú agbára yẹn. Púpọ̀ nínú irú àwọn akọni yìí ló ń fi ọ̀rọ̀ ara wọn pamọ́ fún òbí. Jaime sọnù lójú òfúrufú fún ọdún kan gbáko, nígbà tó padà dé, ó fi ara rẹ̀ han àwọn òbí rẹ̀. Mẹkáníìkì ni bàbá tèmi náà, n'Ìbàdàn. Mo fọ́ dígí ọkọ̀ oníbàárà kan nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 11, mo fi pa mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Nígbà tí mo sọ, bàbá mi nu ọwọ́ mọ́ àkísà tó ti dúdú fún ọ́ìlì, ó jókòó sórí táyà kan, ó ní, "Mú un wá kí n rí i." Bí mo ti ń ka ibi tí Jaime ti jẹ́wọ́ nílé, ọwọ́ olóòórùn ọ́ìlì yẹn ni mo ń rí.

Bí ọmọ yín bá ti wo fíìmù rẹ̀ ti 2023, á ti mọ̀ pé ọkàn bàbá Jaime dáṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì kú. Inú ìwé tí mo ń sọ yìí, bàbá wà láàyè, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìwé ni mo máa fi síwájú ọmọ tèmi.

Ẹ bá mi wá ìwé tó jẹ́ nọ́ńbà 26, ti 2008. Èdè Sípéènì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, wọ́n wá kó Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Inú mi dùn débi pé mo pe àbúrò mi lórí fóònù lóru ọjọ́ náà. Ìwé tí wọ́n ń tà fún gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n jẹ́ kí ìdílé yẹn sọ èdè tí wọ́n ń sọ nílé!

Ẹ jókòó tì í lálẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ ní kó ka ojú ìwé kan fún yín ní Yorùbá. Ẹ má bá a wí bó bá ń wá ọ̀rọ̀. Bó bá dé ibi tí wọ́n ti dárúkọ kòkòrò náà, tó bá dúró, ẹ sọ fún un pé yímíyímí là ń pè é, èyí tó ń yí ìgbẹ́ màlúù kiri lójú ọ̀nà oko. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ rí i, wọ́n ní bí oòrùn ṣe ń yí gòkè láàárọ̀ nìyẹn, wọ́n sì ń gbẹ́ àwòrán rẹ̀ sára òkúta, wọ́n ń so ó mọ́ra.