Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ẹ yé fẹ́ taya kẹ̀kẹ́ òjò dídì kó le

Ìbéèrè: Mò ń lọ sí Kánádà lóṣù kìíní. Àwọn ọ̀rẹ́ mi níbẹ̀ máa ń gun kẹ̀kẹ́ onítaya fífẹ̀ nínú òjò dídì, wọ́n sì ti bá mi yá ọ̀kan sílẹ̀. Fọ́kánáísà wa ní Aṣerò, Abẹ́òkúta, ní kí n fẹ́ taya náà dé 40 kó má baà jò. Ṣé ó tó, àbí kí n fi kún un? Irú súwẹ́tà wo ni kí n rà?

Ìdáhùn: 40 ti pọ̀ jù. Taya yìí fẹ̀ tó íǹṣì 4 sí 5, púpọ̀ nínú wọn kò sì gbọdọ̀ kọjá nǹkan bí 30 psi (psi ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú taya). Ẹ wo ara taya, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó lè fò kúrò lára ríìmù kó ṣe yín léṣe. Ó ń bí mi nínú pé "kó ṣáà le dáadáa" ni gbogbo èèyàn ń sọ fún arìnrìn-àjò. Fọ́kánáísà yín mọ taya ọkọ̀ àti ti ọ̀kadà. Èyí yàtọ̀.

Taya tó le máa ń gé òjò dídì wọlẹ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ẹ̀kọ. Èyí tó rọ̀ a tẹ́ pẹrẹsẹ, ìwọ̀n yín á pín káàkiri, kò ní rì. Lójú ọ̀nà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ òjò dídì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 8 psi. Bí taya ẹ̀yìn bá ń yí lásán, ẹ tú u ní ìdajì psi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, títí dé 5, tàbí 4 níbi tó bá rọ̀ gan-an. Ẹni tó sanra yóò fi díẹ̀ kún un. Bí ẹ bá tú u jù, ríìmù á máa gbá òkúta, túùbù á sì yí títí ẹnu fáàfù á fi ya. Géèjì fọ́kánáísà kò lè ka iye kékeré báyìí. Ẹ wá èyí tó ń ka ìdajì psi.

Òtútù náà ń dín in kù. Taya tí ẹ fẹ́ dé 8 nínú ilé tó wà ní ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì 20 kò ní tó 6 mọ́ tó bá dé ìta tó jẹ́ −10. Ìta ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ bá ti tutù.

Bí ipa taya bá jìn ju íǹṣì kan lọ, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ padà. Ọ̀nà náà kò tíì le, ẹ ó kàn bà á jẹ́ fún àwọn ẹlòmíì ni.

Ti súwẹ́tà: ẹ má ra ẹyọ kan tó nípọn. Aṣọ mẹ́ta lórí ara wọn ni: tinú kó jẹ́ irun àgùntàn, torí òwú máa ń mu òógùn, á sì tutù mọ́ yín lára, ti àárín fún ooru, ti òde fún afẹ́fẹ́. Bàtà kò gbọdọ̀ fún yín. Ẹ dorí ike omi kodò, òkè ló kọ́kọ́ ń dì. Ẹ má mu ògógóró nítorí òtútù: ẹ̀jẹ̀ ló ń tì wá sí awọ, tí ooru inú á fi jáde lọ.

Ẹni tó bá jẹ́ SS, tàbí tó ní ikọ́ fée (asthma), kó rí dókítà rẹ̀ kó tó kúrò ní Abẹ́òkúta. Òtútù lè ru àìsàn méjèèjì sókè, èmi kò sì lè ti ibí sọ pé kó máa lọ. Adágún tó dì ńkọ́? Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀, àfi tí àwọn tó ń bójú tó o bá ní ó ti le tó. Bí ìka bá kú, tí àwọ̀ rẹ̀ sì yí padà, ẹ má ra á, ẹ má yá iná sí i. Ẹ wọlé, kí ẹ kì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn.