Tutu àwọn oníjó ballet kì í ṣe tútù tiwa

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ mi gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ?" Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp. Ọkùnrin náà ní tutu, síkẹ́ẹ̀tì nẹ́ẹ̀tì tó máa ń nà yí ìdí àwọn oníjó ballet ká, ijó Òyìnbó tí wọ́n ń fi orí ìka ẹsẹ̀ dúró jó, ọ̀rọ̀ Yorùbá ni. Ó ní àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl ló gbé e dání lọ, pé aṣọ funfun Ọbàtálá ni wọ́n ń pè ní aṣọ tútù, pé ibẹ̀ ni àwọn Faransé ti gbọ́ ọ tí wọ́n fi gbé e lọ sí Párísì.

Irọ́ ni. Mo sọ fún ọmọ náà pé irọ́ ni, ó ní kí n ṣàlàyé, láti ìgbà náà sì ni mo ti ń ṣàlàyé fún gbogbo ẹni tó bá tún gbé ohùn yẹn wá. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn èèyàn máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé bàbá ọmọ tuntun nìkan ló kàn. Bí o bá pàdé orúkọ lójú ọ̀nà, ilé tó ti jáde ni kí o wá lọ. Ògúndélé kò lè ti ilé tí wọn ò mọ Ògún jáde. Ilé tí wọ́n ti sọ tutu lórúkọ, ilé ijó ńlá Párísì ni, Opéra, láàárín àwọn tó ń jó, àwọn tó ń rán aṣọ wọn, àti àwọn ọkùnrin olówó tó ń san owó ìjókòó ọdọọdún, tí owó yẹn sì ń fún wọn láyè láti wọ ẹ̀yìn ìtàgé lọ bá àwọn ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀. Ọmọ tálákà ni púpọ̀ nínú wọn. Marie van Goethem, tí ayàwòrán Faransé kan, Degas, fi ìda mọ ère rẹ̀, tó sì wọ síkẹ́ẹ̀tì nẹ́ẹ̀tì gidi fún ère náà, alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Ọdún 1881 ni wọ́n gbé ère yẹn síta fún aráyé wò. Ní nǹkan bí ọdún yẹn náà ni ọ̀rọ̀ tutu ń wọ inú ìwé Faransé.

Lédè wọn, cul ni ìdí, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ọmọlúàbí ń là mọ́lẹ̀ níwájú àgbà. Bí wọ́n bá ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, wọ́n á gé e kúrú, wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀mejì: cucu. Lẹ́nu ọmọdé, ó di tutu. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. Ọmọ tó bá ń sùn, dodo ló ń ṣe. Èyí tó bá fara pa, bobo ló ní. Ṣé ẹnì kan á wá torí ìyẹn sọ pé dòdò tí a ń dín nílé wa, inú oorun àwọn Faransé ló ti wá?

Àwọn kan wà tó ní ara tulle ni wọ́n ti yọ tutu, torí tulle ni nẹ́ẹ̀tì náà ń jẹ́ lédè Faransé. Ìlú kan ni Tulle, ní ẹkùn Corrèze, òun ló fún aṣọ náà lórúkọ. Èmi ò gbà. Oníjó kan, Marie Taglioni, ti wọ síkẹ́ẹ̀tì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó balẹ̀ dé ojúgun jó eré ballet tó ń jẹ́ La Sylphide ní Párísì lọ́jọ́ kejìlá oṣù kẹta ọdún 1832. Bó bá jẹ́ aṣọ ló bí orúkọ, kí ló dá orúkọ náà dúró fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún kó tó délẹ̀? Síkẹ́ẹ̀tì ní láti kúrú ná. Ìgbà tí ìdí sún mọ́ ojú ni wọ́n dárúkọ ìdí.

Ẹni tó bá ti rán ọ̀kan rí kò ní bá mi jiyàn. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn gbé iṣẹ́ wá fún mi, tutu mẹ́jọ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ jó níbi ayẹyẹ òpin ọdún. Mo rò pé bí a ṣe ń rán gáùn ọjọ́ ìbí náà ni, mo fi rọ́bà sí ìbàdí, mo fún nẹ́ẹ̀tì jọ mọ́ ọn. Aṣọ náà wó sílẹ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ tí òjò pa. Ìgbà tí mo wá wo bí àwọn tó ni í ṣe ń ṣe é ni mo rí i pé pátá ni ìpìlẹ̀. Ibi tí itan ti pàdé ìdí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rán ìpele nẹ́ẹ̀tì tó kúrú jù mọ́ pátá níbẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e lókè á fi díẹ̀ gùn jù ú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa gùn ún lọ títí dé ìbàdí, ìpele mẹ́wàá, nígbà mìíràn méjìlá. Ti ìsàlẹ̀ ló ń gbé ti òkè dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ so ìpele mọ́ ìpele, òwú rẹ̀ kò ní fún, kí gbogbo rẹ̀ lè jọ máa gbọ̀n. Etí nẹ́ẹ̀tì ha mí lọ́wọ́ títí dé ìgúnpá. Bí mo ṣe jókòó ti pátá kéékèèké mẹ́jọ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Aṣọ ìdí ni wọ́n ń pè é.

Ìtàn bó ṣe kúrú kò gùn. Ní àwọn ọdún 1730, oníjó Opéra kan, Marie Camargo, gé tirẹ̀ sókè díẹ̀ kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará Ítálì ló gé e dé orí itan lẹ́yìn náà. Nígbà tí Pierina Legnani, oníjó ará Ítálì, ń yí nígbà 32 lórí ẹsẹ̀ kan nínú eré ballet tó ń jẹ́ Swan Lake ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1895, aṣọ gígùn ì bá ti wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Èyí tí mi ò lè sáré kọjá ni ti Emma Livry, oníjó Opéra. Taglioni fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níjó. Ní ayé wọn, iná gáàsì ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sórí ìtàgé, nẹ́ẹ̀tì àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ń gba iná bíi kòríko ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n rí omi oògùn kan tí wọ́n ń rẹ aṣọ sí kí iná má lè ràn án, ṣùgbọ́n ó ń mú aṣọ le, ó ń mú kí funfun rẹ̀ ṣá. Livry kọ̀ ọ́. Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé ijó pé síkẹ́ẹ̀tì òun gan-an lòun máa fi jó. Ní November 15, 1862, nígbà tí wọ́n ń gbára dì fún eré kan, ó tún síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe nítòsí iná, atẹ́gùn síkẹ́ẹ̀tì náà fa iná wá. Ó ń sáré kiri orí ìtàgé nínú iná kí panápaná tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó. Oṣù mẹ́jọ ló fi jẹ̀rora kó tó kú, ọmọ ogún ọdún. Wọ́n ṣì tọ́jú àjákù aṣọ tó kù lára rẹ̀ sí ilé ìṣúra Opéra. Ẹ wá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé nítorí pé ó tútù ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀!

Ó ti kúrò ní ìtàgé tipẹ́ ṣá. Christian Dior, ọ̀gá aránṣọ Párísì, gbé síkẹ́ẹ̀tì rẹpẹtẹ jáde ní 1947, nẹ́ẹ̀tì ló fi gbé e dúró lábẹ́ bí tutu ṣe ń dúró. Serena Williams wọ tutu tí Virgil Abloh, ayàwòrán aṣọ, yà gbá tẹ́nìsì ní US Open ọdún 2018. Gáùn ìyàwó tí à ń rán lójoojúmọ́ ńkọ́? Nẹ́ẹ̀tì líle tí à ń tò sábẹ́ rẹ̀, cancan ni gbogbo télọ̀ ń pè é, orúkọ ijó Párísì ni, ijó tí àwọn obìnrin ti ń ju ẹsẹ̀ sókè kí yẹ̀rì wọn lè hàn. Ṣimí tí à ń wọ̀ fún ọmọ, chemise Faransé ni. Ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa.

Bí ọkùnrin yẹn bá sì fẹ́ ibi tí ọwọ́ Yorùbá ti kan tutu lóòótọ́, Yinka Shonibare ni kó wá lọ, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí ní Lọ́ńdọ̀nù, tó dàgbà ní Èkó. Ní 2005, ó fi ànkárá rán tutu fún oníjó méjì, aláwọ̀ dúdú kan àti aláwọ̀ funfun kan, wọ́n kojú síra nínú férémù tí kò ní dígí, èkíní ń ṣe bí òjìji èkejì. Ìyẹn ṣẹlẹ̀, wọ́n yà á sínú fíìmù. Kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn ránṣẹ́ kiri.

Ohun tó dùn mí jù ni pé mo bi ọmọ tó gbé fóònù wá pé kí ni tòbí. Kò mọ̀. Mo bi í ní yẹ̀rì, ó ní ṣé yẹtí ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ Yorùbá, tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ, tó sì fẹ́ kí aṣọ ìdí àwọn Faransé jẹ́ tiwa! Mo dìde, mo ṣí àpótí, mo yọ tòbí ìyá mi àgbà jáde. Okùn rẹ̀ ti gbó, àmọ́ àpò tó ń kó owó ọjà sí ṣì le dáadáa. Mo ní kó ró o sínú, kó ró ìró lé e, kó wá máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kí n wò ó.